Wọn Kò Ṣeé Yọ

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jókòó dáadáa, ẹ má sì tètè bú ọ̀gá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, torí bí ẹ bá bú u tán, èmi ló máa kàn. Ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí ni. Ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo ẹni tó bá bímọ ti ń wá gba ẹ̀rí pé ọmọ òun ti dé ayé, bí ẹni pé igbe ọmọ náà kò tó ẹ̀rí. Èmi ni ògbufọ̀ ibẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa sọ ohun tí wọ́n bá fi èdè mìíràn kọ di Yorùbá. Iṣẹ́ mi kejì, tí ẹnikẹ́ni kò gbà mí fún ṣùgbọ́n tó ń gba àkókò mi jù, ni kí n máa sọ fún ọ̀gá pé ohun tó sọ dára.

Kì í ṣe ọ̀gá lásán o. Olùdarí Àgbà, Atọ́nà Ìgbà Tuntun, Aláṣẹ Gbogbo Ìwé-ẹ̀rí ni. Bó bá ti ń bọ̀ láàárọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ á wúkọ́, gbogbo wa á sì dìde fùú. Bó bá jókòó, a ó jókòó. Bó bá sín, a ó kí i kú iṣẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ní ọ̀gá níbi iṣẹ́ yín.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kì í jẹ́ kó sùn dáadáa. Àkókò rẹ̀ lórí àga ti ń parí lọ, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé-iṣẹ́ wa sì ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí, bóyá káwọn fi í sílẹ̀ tàbí káwọn yọ ọ́. Ọ̀gá kò fẹ́ kí wọ́n yọ òun. Èmi náà kò fẹ́, torí òun ló dá ipò ògbufọ̀ sílẹ̀, bí igi bá sì wó, ẹyẹ tó tẹ́ ìtẹ́ sórí rẹ̀ á wá ibòmíràn sùn. Ó wá di dandan kí ọ̀gá ṣe ohun ńlá kan tí ìgbìmọ̀ máa rí.

Ohun ńlá ọ̀hún ni pé ó pè wá jọ ní ọjọ́ kan, ó na ìka sí àwọn kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń bá ọmọ aláìgbọràn wí, ó ní, "Láti òní lọ, kọ̀ǹpútà tí kò bá gbọ́ Yorùbá, kó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀."

A pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wá. Onímọ̀-ẹ̀rọ wa, ọkùnrin kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ní òun lè ṣe ètò kan tí gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ nígbà tí a bá ki fíláàṣì, máòsì tàbí okùn èyíkéyìí bọ ihò USB rẹ̀ á fi máa jáde ní Yorùbá, bí ẹnì kan bá lè kọ Yorùbá náà fún òun. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo kọ ọ́, mo sì kọ ọ́ dáadáa, n kò ní í purọ́ ìrẹ̀lẹ̀ fún yín.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ni wàhálà dé. Ọ̀gá ki okùn máòsì rẹ̀ bọ ihò, ọ̀rọ̀ sì jáde lójú kọ̀ǹpútà pé, "O ti fi máòsì sí i." Ọ̀gá wò ó, ó wo ẹ̀yìn ara rẹ̀ bóyá ọmọdé kan wà níbẹ̀, kò rí ẹnì kankan. Ó bi mí pé ta ni ẹ̀rọ yìí ń pè ní "o", àti pé ìgbà wo ni òun àti kọ̀ǹpútà di ẹgbẹ́. Mo tọrọ àforíjì lórúkọ kọ̀ǹpútà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti sọ gbogbo "o" di "ẹ", kọ̀ǹpútà sì di ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ti ìyá ọmọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni, ó gbé ìkókó pọ̀n, ó mú fíláàṣì rẹ̀ dání. Ọ̀gá ti fòfin de bébà nílé-iṣẹ́ wa, ó ní bébà ti di ti ayé àtijọ́, nítorí náà inú fíláàṣì la máa ń kó ìwé-ẹ̀rí sí fún àwọn èèyàn. Àkọ́bí obìnrin yìí fẹ́ wọ ilé-ìwé. Àwọn olùkọ́ ní láìsí ìwé-ẹ̀rí, àwọn kò ní gbà á, wọn kò sì ní pẹ́ ti ìforúkọsílẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni fún akọ̀wé èyíkéyìí nínú wa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá ní òun fúnra òun ni òun máa ṣe é, kí àwọn aráàlú lè rí i pé olórí wọn mọ kọ̀ǹpútà.

Wọ́n pè wá pé ká wá wòran. Ọ̀gá gba fíláàṣì, ó kì í bọ ihò, kò wọlé. Ó yí i padà, kò wọlé. Ó tún yí i sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó sì wọlé wẹ́rẹ́. Bí ẹ bá ti lo fíláàṣì rí, ẹ mọ̀ pé bó ṣe ń ṣe gbogbo ayé nìyẹn. Ọ̀gá kò mọ̀. Ó dojú kọ wá, ó ní, "Ẹ ti rí i. Ohun tó kọ̀ mí lẹ́ẹ̀kan ló padà wá gbà fún mi. Sùúrù ni mo fi ń ṣolórí." A pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé kan tiẹ̀ nu ojú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín ló ń dùn ún.

Ọ̀gá kó ìwé-ẹ̀rí náà sínú fíláàṣì, ó wá ṣí i kí òun lè wo ìbuwọ́lùwé òun nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Kò ti ìwé náà padà. Nígbà tó wá sọ fún kọ̀ǹpútà pé òun fẹ́ yọ fíláàṣì, ọ̀rọ̀ yìí jáde:

"Kò ṣeé yọ báyìí. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́."

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ náà sókè, ó tún rọra kà á bí ẹni tó ń gbàdúrà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí mọ̀ pé fíláàṣì ni kọ̀ǹpútà ń wí. Èmi tí mo kọ ọ́ mọ̀ jù yín lọ. Ṣùgbọ́n èdè wa kò ya èèyàn sọ́tọ̀: ọmọ ni "ó", ewúrẹ́ ni "ó", fíláàṣì náà ni "ó". Ọ̀gá yí sí mi, ó ní, "Ògbufọ̀, ta ni kò ṣeé yọ?"

Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Apọ́nnilé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ mọ inú ọ̀gá ju inú ara rẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé láti ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ti ránṣẹ́ ló ti ń wá ẹni tó máa sọ gbólóhùn yẹn fún un, ìyàwó rẹ̀ kò sì sọ ọ́.

Mo ní, "Ọ̀gá, ta ló tún ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yìí bí kò ṣe ẹ̀yin?"

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fíláàṣì yẹn títí ìgbìmọ̀ á fi dé, kí ọ̀rọ̀ náà lè máa wà lójú kọ̀ǹpútà. Ó pàṣẹ pé ohun tí kọ̀ǹpútà bá ti sọ nílé-iṣẹ́ wa, abẹ gé e, kò sí àríyànjiyàn. Ó tún pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má pe "yọ" mọ́ létí òun. Akọ̀wé tí eyín ń dùn ún wá gbààyè lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ mú eyín òun kúrò.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá tún fajú ro. Ó ní bó bá jẹ́ òun ni kọ̀ǹpútà ń wí lóòótọ́, kí ló dé tó fi ń pe òun ní "ó" bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọmọ-ọ̀dọ̀? Mo tún tọrọ àforíjì. Mo jókòó, mo ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sọ gbogbo "ó" di "wọ́n". Onímọ̀-ẹ̀rọ bi mí bóyá gbogbo rẹ̀ pátá ni mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní bí a bá ń pọ́n àgbà lé, a kì í ṣe é láàbọ̀. Ó gbé èjìká sókè, ó sì ṣe é bí mo ṣe wí.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá ki máòsì bọ kọ̀ǹpútà wa, á ní, "Wọ́n ti dé." Bí ẹ bá fa okùn fóònù kúrò lára rẹ̀, á ní, "Wọ́n ti lọ." Akọ̀wé kan rí "Wọ́n ti dé" lójú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó sì wúkọ́, gbogbo wa dìde fùú, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà ọ̀gá, ọ̀rọ̀ náà ti wá pé, ó ti wá dùn: "Wọn kò ṣeé yọ báyìí. Wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́." Láàárín ara wa, Wọn-ò-ṣeé-yọ la wá ń pè é.

Ìyá ọmọ ń kọ́? Fíláàṣì rẹ̀ ló wà nínú kọ̀ǹpútà, kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní kó padà wá lọ́la. Ọ̀la dé, wọ́n ní lọ́la. Akọ̀wé kan dá a lábàá pé ká kó ìwé-ẹ̀rí náà sínú fíláàṣì mìíràn fún un. Ọ̀gá kọ̀ jálẹ̀, ó ní ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí kan náà kò gbọdọ̀ jáde lẹ́ẹ̀mejì, torí ọmọ kì í wáyé lẹ́ẹ̀mejì. A ní òótọ́ ni. Obìnrin náà wá sọ bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa di ilé, àwọn mìíràn tó wá gba ìwé-ẹ̀rí sì ń bá a bẹ̀bẹ̀. Bí mo bá ń kọjá, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ti yọ ọ́?" Èmi á fi ìka lé ètè, màá bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níbí.

Nígbà tí ọjọ́ ìgbìmọ̀ ń sún mọ́lé, àwa òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀gá lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹnì kan gbé fáànù kékeré tó ń fi USB ṣiṣẹ́ wá. Ẹnì kan gbé àtùpà wá. Ẹnì kan mú àwo pẹlẹbẹ tó máa ń jẹ́ kí ife tíì gbóná wá. Nígbà tí ihò kò tó mọ́, onímọ̀-ẹ̀rọ mú ohun kékeré kan wá tó ń sọ ihò kan di púpọ̀, ó sì kìlọ̀ pé agbára ihò kan náà ni gbogbo wọn máa pín. Kò sẹ́ni tó gbọ́, torí èmi ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Mo ń sọ fún ọ̀gá pé ẹ̀bùn tèmi ṣì ń bọ̀, mo sì fẹ́ kó ju ti gbogbo wọn lọ.

Ọjọ́ pé. Alága ìgbìmọ̀ wọlé, ìyá àgbà kan tó ń rìn jẹ́jẹ́, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yòókù sì tẹ̀ lé e. Ọ̀gá ti ní kí onímọ̀-ẹ̀rọ gbé ojú kọ̀ǹpútà òun sára ògiri kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ló bá dìde. Ó ní òun kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó wá sọ̀rọ̀ títí tíì tó wà lórí àwo amúgbóná fi gbẹ. Ó ki ara rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà nílé-ìwé. Nígbà tó ku díẹ̀ kí oorun gbé ọ̀kan lára àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ lọ, ó na ọwọ́ sí ògiri.

"Ẹ̀yin àgbà," ó ní, "kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ̀rọ ló sọ ọ́, ẹ̀rọ kì í sì í ṣojúsàájú. 'Wọ́n' tí ẹ̀ ń wò yìí, èmi ni. Ohun tó bá ti sọ nípa mi, abẹ gé e."

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀gá mi da odidi agbọ̀n ẹyin sílẹ̀ níbẹ̀, ó tún wá ṣẹ́jú sí mi pé kí n gbé ẹ̀bùn mi wá.

Pátákó orúkọ ni ẹ̀bùn mi, èyí tó ń tanná, tí gbogbo oyè ọ̀gá wà lára rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gílóòbù tirẹ̀. Oyè náà gùn. Mo ki okùn rẹ̀ bọ ihò, kò wọlé. Mo yí i, mo tún yí i, ó wọlé. Iná bẹ̀rẹ̀ sí í tàn láti "Olùdarí Àgbà", ó dé "Atọ́nà", ó dé "Aláṣẹ". Kó tó dé "Ìwé-ẹ̀rí", fáànù dúró. Àtùpà kú. Ọ̀rọ̀ tó wà lára ògiri parẹ́, òmíràn sì jáde, ó tóbi, ó mọ́lẹ̀ kedere:

"Wọ́n ń lo agbára ju èyí tó tọ́ sí wọn lọ. Kí gbogbo nǹkan má bàa bàjẹ́, ẹ yọ wọ́n kúrò."

Èmi ni mo kọ gbólóhùn yẹn, pẹ̀lú àmì rẹ̀ gbogbo, mo rántí pé inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́, torí ó gún régé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, èyí tó ń tòògbé, kà á sókè kó lè dá a lójú. Alága bi ọ̀gá pé àwọn wo ni kí wọ́n yọ.

Ọ̀gá ní, "Pátákó ni, mà."

"Pátákó lẹ̀ ń pè ní 'wọ́n'?"

Ọ̀gá wò mí. Mo wo bàtà mi. Ká ní "ó" ni mo fi sílẹ̀ níbẹ̀, à bá rẹ́rìn-ín, à bá fa okùn kan jáde, à bá sì mu tíì mìíràn. Ṣùgbọ́n nínú èdè tiwa, kò sẹ́ni tí í bọ̀wọ̀ fún pátákó.

Bóyá ọ̀gá ì bá ṣì rí ọ̀rọ̀ sọ, bí kì í bá ṣe pé ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá ọmọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì ti gbọ́ nígbà tí wọ́n ń ka "ẹ yọ wọ́n kúrò", ó rò pé àánú òun ti ṣe wọ́n. Ó wọlé, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún Alága.

"Ẹ ṣeun gan-an, mà," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí gbogbo wa nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ ọ́."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó yára dáwọ́ dúró nígbà tó rí ojú Alága. Alága ní kí obìnrin náà jókòó, kó ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láìbú ẹnikẹ́ni: fíláàṣì, ìwé-ẹ̀rí, ilé-ìwé, lọ́la, lọ́la. Ó ní ọ̀la gan-an ni ilé-ìwé máa ti ìforúkọsílẹ̀, àti pé àkọ́bí òun ti ń gbé àpò ìwé kọ́ èjìká káàkiri ilé, ó ń bi òun lójoojúmọ́ bóyá òní ni. Ojú tì mí. Mo ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì yẹn, n kò bi í léèrè orúkọ ọmọ náà rí.

Alága yí sí ọ̀gá. "Ẹ̀rọ ti sọ tirẹ̀," ó ní. "Ìyá ọmọ náà ti sọ tirẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sì sọ pé abẹ gé e." Ìgbìmọ̀ wọ yàrá kejì lọ, wọn kò pẹ́ níbẹ̀ rárá kí wọ́n tó yọ ọ́.

Mọ́tò Alága kò tíì jáde lẹ́nu géètì tí ẹni tí à ń pè ní "wọ́n" láàárọ̀ fi di "ó" ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Wọ́n ń béèrè bóyá ó ti ń kó ẹrù rẹ̀, wọ́n ní ó ti pẹ́ tó yẹ kó lọ. Èmi náà dúró láàárín wọn. Mo ní, "Ó ti ń kó o." Ẹnu tèmi yìí ló sọ ọ́, ilẹ̀kùn ọ̀gá sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀.

Ó pè mí. Mo wọlé, n kò mọ ibi tí mo máa fi ojú sí. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó bi mí bí wọ́n ṣe ń ti ìwé tí èèyàn bá ṣí. Mo fi hàn án. Ó ti ìwé-ẹ̀rí ọmọ náà, ó sì tún sọ fún kọ̀ǹpútà pé òun fẹ́ yọ fíláàṣì.

"Ẹ lè yọ wọ́n báyìí. Kò séwu."

Ó kà á, ó tún un kà. Ló bá rẹ́rìn-ín kékeré kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Ògbufọ̀," ó ní, "ẹ̀rọ yìí nìkan ló kù nílé yìí tó ṣì ń pè mí ní 'wọ́n'."

Ó rọra yọ fíláàṣì náà, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá ìyá ọmọ lórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó ní kó má bínú. Obìnrin náà ní kò burú, ó dúpẹ́, ó sì yára lọ. Nínú gbogbo ohun tí ọ̀gá wa ṣe lórí àga yẹn, ìyẹn nìkan la kò pàtẹ́wọ́ fún.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n rán ọ̀gá tuntun sí wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó wúkọ́ fún un, kò sì béèrè pé ká dìde. Mo ti pinnu pé lọ́jọ́ yẹn gan-an ni màá sọ gbogbo "wọ́n" padà di "ó", mo tiẹ̀ ti ṣí ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níwájú mi. Ọ̀gá tuntun yọ máòsì tirẹ̀ nínú báàgì, ó kì í bọ ihò kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ sì jáde:

"Wọ́n ti dé. Wọ́n ti ṣe tán láti ṣiṣẹ́."

Ọ̀gá tuntun wo ẹnu ọ̀nà, ó rò pé àlejò dé. Ó bi wá pé, "Àwọn wo ló dé?"

Onímọ̀-ẹ̀rọ la ẹnu kó ṣàlàyé. Mo yá jù ú lọ.

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà."

Ó tún ọ̀rọ̀ náà kà. Ó rọra fẹ̀yìn ti àga, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.